Ọmọ ọdún 17 fẹ́ fi rọ́gbì líìgì ṣiṣẹ́ jẹun: níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde?

Ẹ̀gbọ́n Mòlípà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ìbéèrè tí mo gbé wá gba àlàyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi dá a lóhùn.

Àbúrò mi ọkùnrin pé ọdún 17. Ó ga tó mítà 1.84, ó wọn kílò 86, ó ń sá 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 11.5. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gbá nílé ìwé, ẹ̀yìn àárín ni wọ́n máa ń fi í sí. WAEC rẹ̀ ku ọdún kan. Rọ́gbì líìgì ilẹ̀ Ọsirélíà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wò lórí fóònù ti wọ̀ ọ́ lára, ó ní iṣẹ́ tóun fẹ́ ṣe nìyẹn, kò sì fi ṣeré.

Ipò wo ló bá irú ara yìí mu? Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí èèyàn á fi bàtà kọ́? Kí ló lè máa ṣe nílé níbí? Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní éjẹ́ǹtì tún ti ń bèèrè 850,000 náírà lọ́wọ́ wa, ó ní òun á mú un lọ fún ìdánwò oṣù mẹ́ta nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá wa ti fẹ́ ta ilẹ̀ nítorí ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Amòfin Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n Mòlípà, ẹ sọ fún ìyá kí wọ́n má ta ilẹ̀ o. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí òun nìkan ni kò ṣeé fi dọ̀la nínú gbogbo ohun tí ẹ bèèrè.

Físà tí eléré rọ́gbì fi ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pè ní International Sportsperson. Oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Kíláàbù tó ní ìyọ̀ǹda ìjọba láti gba àjèjì síṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ́ ọmọ náà. Kíláàbù yẹn ló máa kọ̀wé sí RFL, àjọ tó ń darí rọ́gbì líìgì níbẹ̀, pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Tí RFL bá fọwọ́ sí i tán, kíláàbù á wá fún un ní ìwé onígbọ̀wọ́, nọ́ńbà inú ìwé yẹn ni ọmọ náà á fi kọ̀wé fún físà. Tó bá máa lò ju oṣù mẹ́fà lọ, ó gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Tó bá máa ju ọdún kan lọ, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ohun tí RFL ń wò ni irú ìdíje téèyàn ti ń gbá àti bóyá ó ti gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò tíì wọ ìwé ìdíje rọ́gbì kankan, kí ni wọ́n fẹ́ rí fọwọ́ sí? Éjẹ́ǹtì kankan kò lè fo ìgbésẹ̀ yẹn dá.

Ohun táwọn tó ń gbowó báyìí sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi físà ìbẹ̀wò bò ó, wọ́n á kọ irọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Bí ọwọ́ bá tẹ irọ́ yẹn, wọ́n lè fi ọdún mẹ́wàá máa kọ físà fún ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ orúkọ tirẹ̀ ló wà lórí fọ́ọ̀mù, kì í ṣe ti éjẹ́ǹtì. Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń tà ni físà akẹ́kọ̀ọ́: "ẹ jẹ́ kó lọ kàwé, á máa gbá rọ́gbì jẹun níbẹ̀." Rárá o. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe eléré tó ń fi eré ṣiṣẹ́. Kíláàbù tó ń san owó díẹ̀díẹ̀ fún èèyàn wà nínú ẹ̀, kódà bí wọn ò bá san kọ́bọ̀ fún òun. Ó lè gbá fún yunifásítì rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Ọsirélíà, físà 408 ni wọ́n ń lò fún eléré. Níbẹ̀ náà, kíláàbù àti àjọ eré ló ń ti èèyàn lẹ́yìn kó tó lè kọ̀wé.

Ẹ bi ọkùnrin yẹn ní orúkọ kíláàbù. Kí ẹ wá nọ́ńbà kíláàbù náà fúnra yín lórí ìkànnì wọn, ẹ má lo èyí tó bá fún yín. RFL ń forúkọ éjẹ́ǹtì sílẹ̀, NRL, líìgì àgbà ti Ọsirélíà, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, kí ẹ má bá a dúnàádúrà rárá. Éjẹ́ǹtì tó dájú, inú owó àdéhùn ọmọ ló ti ń mú ìpín tirẹ̀, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ríṣẹ́.

Kóòṣì Ìlíṣàn

Amòfin ti ti ilẹ̀kùn tó yẹ ká tì. Ẹ jẹ́ ká wá wo eré náà fúnra rẹ̀.

Rọ́gbì méjì ló wà o. Èyí tí wọ́n ń gbá láwọn yunifásítì wa àti ní ọ̀pọ̀ kíláàbù Èkó, yúníọ̀n ni, èèyàn 15. Èyí tí àbúrò yín ń wò, èèyàn 13 ni. Ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1895 ni àwọn kíláàbù àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdé ní George Hotel ní Huddersfield tí wọ́n sì yà kúrò. Ohun tó fà á ni pé wọ́n fẹ́ máa dá owó padà fún àwọn awakùsà àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ kan nítorí eré. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ló bí líìgì, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bínú sí ọmọ tó bá sọ pé iṣẹ́ lòun fẹ́ fi ṣe. Ọdún 1906 ni wọ́n dín èèyàn kù sí 13.

Eré náà rèé. Ìṣẹ́jú 80 ni, 40 ní ìlàjì kọ̀ọ̀kan. Tráì, ìyẹn kéèyàn fi ọwọ́ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìlà góòlù ẹgbẹ́ kejì, jẹ́ máàkì mẹ́rin, gbígbá bọ́ọ̀lù gba àárín ọ̀pá góòlù lẹ́yìn tráì jẹ́ méjì, pẹ́nárítì tí wọ́n gbá wọlé jẹ́ méjì. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n lè gbé yín lulẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó di ti ẹgbẹ́ kejì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹni tó ni bọ́ọ̀lù lulẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń dènà gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn mítà 10, kí wọ́n tún sáré wá síwájú pàdé ẹni tó kàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó lágbára tó sì yára ló máa ń já síbi mítà mẹ́wàá yẹn. Wọ́n á ṣe é dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta, ní ẹ̀ẹ̀kẹrin wọ́n á dìde pẹ́, àlàfo á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ibẹ̀ gan-an ni half, ẹni tó ń darí eré fún ẹgbẹ́ kejì, á ju bọ́ọ̀lù gbà.

Ipò: ẹni tó ga tó 1.84 tó wọn kílò 86, tó tún sáré bẹ́ẹ̀, wíńgà tàbí sẹ́ńtà ni lónìí. Nọ́ńbà 2 àti 5 ni wíńgà, àwọn tó wà létí pápá; 3 àti 4 ni sẹ́ńtà, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sí apá inú. Bí egungun rẹ̀ bá gbé e, tó fi di ọdún 21 tó wọn bíi kílò 98, ó lè di second-row, ọ̀kan lára àwọn alágbára iwájú, nọ́ńbà 11 tàbí 12. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kó jẹun títí tó fi máa di prop. Àwọn prop ń wọn kílò 105 sí 120, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa sá lu èèyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ní àárín pápá, kí wọ́n tún padà wá gbé èèyàn 30 sí 40 lulẹ̀ nínú eré kan. Kílò tó fi tipátipá kó sára á jẹ́ kó pàdánù eré sísá rẹ̀, ohun tó sì ní láti tà nìyẹn. Mo tẹnu mọ́ èyí torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ba ọmọ jẹ́ jù.

Ní ti bí iṣẹ́ ṣe ń lọ: nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kíláàbù ńlá ti ń mú ọmọ láti ọdún 14 sí ètò scholarship, ní 16 wọ́n bọ́ sí academy, ní 18 tàbí 19 wọ́n á bá wọn tọwọ́ bọ̀wé tàbí kí wọ́n já wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń já sílẹ̀. Ní Sydney, àtẹ̀gùn ni: Harold Matthews fún àwọn tí kò tíì pé 17, SG Ball fún àwọn tí kò tíì pé 19, Jersey Flegg fún àwọn tí kò tíì pé 21, kí wọ́n tó dé NSW Cup, ìdíje àgbà tó wà lábẹ́ NRL, kí wọ́n tó wá dé NRL. Láti ọdún 22 sí 28 ni ara ń ṣiṣẹ́ jù. Lẹ́yìn 30, ọ̀pọ̀ ń gba àdéhùn ọdún kọ̀ọ̀kan, tó bá fi máa di 33 tàbí 34, ọ̀pọ̀ jù lọ ti bọ́ bàtà. Iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá tàbí méjìlá ni fún ẹni tó bá ṣoríire, orúnkún kan ṣoṣo sì lè sọ ọ́ di ọdún mẹ́ta.

Nítorí náà, ọmọ ọdún 17 tí kò tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù líìgì ti pẹ́ lójú ọ̀nà yẹn. Mi ò ní pa irọ́ fún yín. Àmọ́ ó ṣẹlẹ̀ rí pé ẹni tó pẹ́ dé ibi gíga. Martin Offiah, tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, jẹ́ ẹni ọdún 21 nígbà tí Widnes mú un láti yúníọ̀n ní 1987. Oṣù kìíní ọdún 1992, Wigan san £440,000 lórí rẹ̀, kò sí kíláàbù líìgì tó san tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà yẹn. Oṣù karùn-ún ọdún náà, ó jẹ tráì 10 nínú eré kan ṣoṣo sí Leeds. Eré sísá ló gbé e débẹ̀. Ẹ kàn rántí pé London ni wọ́n bí i sí, ọ̀rọ̀ físà tí Amòfin ń sọ yẹn kò kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni Sadiq Adebiyi tó gbá fún London Broncos àti Muizz Mustapha tó gbá fún Leeds àti Castleford: inú ètò kíláàbù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti jáde.

Níbí, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní àtẹ̀gùn. Remo Stars wà ní Ìkẹ́nẹ́, wọ́n gba líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/25, ọmọ lè rí ibi tó ń lọ láti ilé ìwé. Líìgì kò ní irú ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ. Ohun tó wà ni àjọ rọ́gbì líìgì Nàìjíríà, àwọn kíláàbù ní Èkó, Àbújá àti ní Àríwá, àti ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, Green Hawks, tó gba ife Middle East-Africa ní Èkó ní 2019. Ọ̀nà tó mọ́gbọ́n dání nìyí: kó forúkọ sílẹ̀ ní kíláàbù líìgì kan ní Èkó, kó máa lọ lópin ọ̀sẹ̀ àti nígbà ìsinmi, kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé eré tí rẹ́fírì fọwọ́ sí. Bó bá wọlé sí OOU ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí yunifásítì mìíràn, tó sì jẹ́ yúníọ̀n ni wọ́n ní, kó gbá a. Gbígbé èèyàn lulẹ̀ àti jíju bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ méjèèjì jọra nínú méjèèjì. Ibi tí ojú ẹnikẹ́ni lókè òkun á ti kọ́kọ́ rí i ni ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, torí òun ni RFL kà sí nǹkan.

Fisio Ìpẹru

Mo fọwọ́ sí ohun tí Kóòṣì sọ nípa kílò. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ara kún un.

Orí ni àkọ́kọ́. Ẹni tó ń gbé èèyàn lulẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ sábà máa ń mì, ó ju ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù lọ. Ìdí rẹ̀ kò pọ̀: orí rẹ̀ wà níwájú ara ẹni tó ń sáré bọ̀. Orúnkún tàbí ìbàdí á gbá a ní ẹ̀bátí. Orí gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ìdí ẹni náà tàbí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó má dábùú ọ̀nà rẹ̀ láé. Fìlà rírọ̀ tí wọ́n ń dé kò dá ìmìmì ọpọlọ dúró, ọgbẹ́ etí àti awọ orí ló ń dín kù. Mouthguard, ike tí wọ́n fi ń bo eyín, eyín ló wà fún. Kó máa lò ó, kó má sì rò pé ó ti bo ọpọlọ.

Bí ó bá fara gbá, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ojú rẹ̀ ṣófo, tí kò rántí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá gbá, tó ń bì tàbí tí ìmọ́lẹ̀ ń dùn ún lójú, kó jáde lójú ẹsẹ̀, kó má padà wọlé lọ́jọ́ yẹn bó ti wù kó ní ara òun ti yá. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2023 fún eré ìpele ìsàlẹ̀ ni pé kó sinmi fún wákàtí 24 sí 48, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ padà, kó má ṣe ìdánrawò tí ara ń kan ara títí yóò fi pé ọjọ́ 14 tí àmì kankan kò yọ mọ́, kó má sì gbá eré kí ọjọ́ 21 tó pé. Bí orí fífọ́ bá ń pọ̀ sí i, tàbí tó ń sùn tí kò ṣeé jí, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. OOUTH wà ní Ṣàgámù fún wa.

Orúnkún ìkejì. Iṣan inú orúnkún tí wọ́n ń pè ní ACL sábà máa ń já nígbà tí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀ láti yà fún èèyàn, tí orúnkún wá wọ inú. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀, bíi oṣù mẹ́sàn-án ni kó tó padà sí pápá. Kó kọ́ bó ṣe ń fò tó ń balẹ̀ kí orúnkún rẹ̀ dúró lórí ìka ẹsẹ̀, kó máa ṣe é níwájú dígí. Fún iṣan ẹ̀yìn itan: kó kúnlẹ̀ lórí ẹní, kí ẹnì kan di kókósẹ̀ rẹ̀ mú, kó máa rọra fi àyà lọ sílẹ̀, kó fi ọwọ́ gba ara rẹ̀ nígbà tí kò bá lè dá a dúró mọ́. Márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní á dùn ún, kó fi méjì lẹ́ẹ̀mẹta bẹ̀rẹ̀.

Bí kókósẹ̀ bá yẹ̀, kò sí báàmù gbígbóná, kò sí fífà, kò sí ká máa fi omi gbígbóná jó o fún wákàtí 48 àkọ́kọ́. Gbogbo ìyẹn ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí inú ibẹ̀ ni. Ẹ fi báńdéèjì rọ́bà dì í, ẹ gbé e ga ju àyà lọ, ẹ fi yìnyín sí i fún ìṣẹ́jú 15 ní àkókò kan, kí aṣọ wà láàárín yìnyín àti awọ. Tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà rìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ẹ lọ ya fọ́tò eegun.

Èyí tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni oògùn. Àwọn ọmọ ń ra oògùn amúnisanra ní kẹ́míìsì, dexamethasone àti cyproheptadine tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kan. Omi ló ń kó sí wọn lára, ojú á wú, eegun á máa rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Dexamethasone tí èèyàn gbé mì sì wà lára ohun tí WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá, kà léèwọ̀ lọ́jọ́ eré. Tramadol náà di èèwọ̀ lọ́jọ́ eré láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Abẹ́rẹ́ tó ń kó iṣan jọ, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń lé èèyàn kúrò nínú eré tí wọ́n bá rí i pé ó mọ̀ọ́mọ̀ lò ó ni. Àgbo tí kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, kó yàgò fún un. Kì í ṣe pé ewé burú. Àwọn kan ń lọ oògùn òyìnbó pọ̀ mọ́ ọn, ẹni tó mu ún ló sì máa dá ẹjọ́ rẹ̀.

Màmá Ìjẹ̀bú-Igbó

Fisio, ẹ ṣeun. Ẹ ò tíì sọ ohun tí ọmọ máa jẹ, bẹ́ẹ̀ ebi ló ń gbé wọn dé ìdí oògùn yẹn.

Ọmọ kílò 86 tó ń ṣe irú eré yìí nílò ohun amáradàgbà bíi gíráàmù 140 sí 170 lójúmọ́. Gààrí Ìjẹ̀bú wa dára fún agbára, ṣùgbọ́n ohun amáradàgbà inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó mu gààrí lẹ́ẹ̀mẹta kò tíì jẹ nǹkan kan tó ń mọ iṣan. Ẹyin mẹ́rin, bíi 24. Ẹ̀wà sísè kọ́ọ̀pù méjì, bíi 30. Ẹja Títù tó tó gíráàmù 200 lẹ́yìn sísè, bíi 45. Ẹ̀pà sísun ìkúnwọ́ méjì, bíi 12 sí 15. Ìyẹn ti lé ní 110, mílíìkì, ìrẹsì àti búrẹ́dì á gbé èyí tó kù. Ìkọ́kọrẹ́ dára gan-an fún un lálẹ́ ọjọ́ tó ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹja inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi kún, kì í ṣe epo. Kó pín oúnjẹ náà sí ẹ̀ẹ̀mẹrin dípò kó kó gbogbo ẹja jẹ lálẹ́.

Lọ́jọ́ eré, kó jẹun tó máa gbé e ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú: iṣu tàbí ìrẹsì, ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ kò pọ̀. Kó má mu gààrí ní wákàtí kan sí eré, á wú sí i nínú. Kó wọn ara rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn ìdánrawò. Kílò kan tó bá lọ, kó fi bíi lítà kan ààbọ̀ omi dá a padà díẹ̀díẹ̀, kó fi iyọ̀ sí oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Mòlípà

Ọlọ́run á san yín lẹ́san, ẹ̀yin àgbà. Mo ka ti Amòfin sí ìyá létí, wọ́n ti ní ilẹ̀ ò ní tà mọ́.

Ohun méjì ló kù. Amòfin, ká ní ó rí àdéhùn lọ́jọ́ kan, kí la máa wò nínú ìwé yẹn, ṣé owó rẹ̀ tilẹ̀ tó gbé ayé? Kóòṣì, pápá ilé ìwé nìkan la ní. Ó ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó máa bá a ṣe é. Kí ni kí wọ́n máa ṣe gan-an títí á fi lè máa lọ sí Èkó?

Amòfin Ṣàgámù

Ẹ wo ọdún tí àdéhùn náà jẹ́, kẹ́ ẹ wo ẹni tó ní àṣẹ láti fi ọdún kan kún un. Bó bá jẹ́ kíláàbù nìkan ló lè fi kún un, ọmọ náà kò lè lọ bí kíláàbù tó sàn bá fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ kíláàbù lè já a sílẹ̀ bó bá wù wọ́n. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí owó oṣù bó bá fara pa fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó máa san owó iṣẹ́ abẹ, àti bóyá kíláàbù máa san tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú padà wálé bí àdéhùn bá parí. Ibùgbé náà ńkọ́, ṣé inú owó oṣù ni wọ́n á ti máa yọ ọ́? Kí gbogbo ìlérí wọ inú ìwé. Ohun tí wọ́n sọ lórí fóònù kì í ṣe àdéhùn.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká fi £25,000 lọ́dún ṣe àpẹẹrẹ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í gba owó orí lórí £12,570 àkọ́kọ́. Èyí tó kù, £12,430, wọ́n á gba ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, £2,486. Wọ́n tún ń yọ National Insurance, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, bíi £994. Ohun tó máa wọlé lóṣù jẹ́ bíi £1,793, kó tó sanwó ilé, iná àti ọkọ̀. Kò burú, àmọ́ kì í ṣe owó tó ń kọ́lé ní Ìjẹ̀bú lọ́dún kan. Àwọn ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ Super League, líìgì àgbà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ eléré wọn ló níṣẹ́ mìíràn lójú mọmọ: bíríkìlà, tíṣà, oníná. Ìrọ̀lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ìdánrawò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kó ṣe WAEC rẹ̀ dáadáa, kó sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí kó wọ yunifásítì. Kì í ṣe pé kó pa àlá rẹ̀ tì. Super League ti di kíláàbù 14 ní 2026, NRL ní 17, Perth Bears máa darapọ̀ ní 2027, kíláàbù Papua New Guinea ní 2028. Àyè ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ló lè kọ àdéhùn tí kò dáa nínú àyè yẹn, ẹni tí ebi ń pa á tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Kóòṣì Ìlíṣàn

Èèyàn mẹ́rin tó, Ẹ̀gbọ́n. Bọ́ọ̀lù líìgì kan, nọ́ńbà 5. Téèpù ìwọnlẹ̀, òkúta tàbí ike mẹ́fà láti fi sààmì. Kí wọ́n wá ibi tí koríko wà. Ilẹ̀ pupa líle tí wọ́n ti tẹ̀ pa kò ṣeé fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn lulẹ̀, á bó wọn lára, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ìṣubú.

Ọjọ́ Ajé: wíwọn okun. Sààmì sí mítà 0, 20, 40 àti 60. Kó sá dé 20 kó padà, kó sá dé 40 kó padà, kó sá dé 60 kó padà. Ìyẹn mítà 240. Lẹ́ẹ̀marùn-ún láìsinmi, 1,200. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí lè lo ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kó máa lé ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà 4:40. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ má ṣe é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́rú: mítà mẹ́wàá tí mo sọ. Ààmì mẹ́ta, mítà 10 láàárín ọ̀kan sí ìkejì. Kó dùbúlẹ̀ lórí àyà níbi ti àárín. Kó dìde, kó fi ẹ̀yìn rìn kíákíá dé ààmì ẹ̀yìn, kó fi àyà kanlẹ̀, kó dìde, kó sáré síwájú mítà 20, kó fi àyà kanlẹ̀, kó fi ẹ̀yìn padà sí àárín. Ẹyọ kan nìyẹn. Mẹ́fà ni sẹ́ẹ̀tì kan, torí ìgbà mẹ́fà ni wọ́n ń gbé èèyàn lulẹ̀. Kí wọ́n fi sẹ́ẹ̀tì méjì bẹ̀rẹ̀, ìsinmi ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n dé mẹ́rin lọ́sẹ̀ kẹfà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: wọ́n ń yíjú padà láti sá sẹ́yìn. Rárá, ojú gbọ́dọ̀ wà níwájú, torí níbi eré, bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì: bọ́ọ̀lù àti ìgbélulẹ̀. Ní ti ìgbélulẹ̀, ẹ wá àpò ìrẹsì 50 kílò, ẹ ki àkísà àti fóòmù sínú rẹ̀ títí tó fi wọn bíi kílò 20. Ẹ má ki iyanrìn, á fọ́ wọn léjìká. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n á ti máa gbé e, ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e lórí ìdúró, lẹ́yìn náà lára ẹni tó ń rìn, kí wọ́n tó dé ara ẹni tó ń sáré díẹ̀. Bó ṣe rí nìyí: ojú wo ìbàdí ẹni náà, kò wo ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹni náà, èjìká ọ̀tún ló sì fi kàn án, ẹsẹ̀ àti èjìká ibì kan náà. Àgbọ̀n wà lókè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ìdí ẹni náà lẹ́yìn. Ọwọ́ méjèèjì yí i ká, kó di ara wọn mú. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ á máa tì í lọ, ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọmọ tó bá fo láti ọ̀nà jíjìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀, ọwọ́ nìkan ni á kàn án, ẹni tó ń sáré á fi í sílẹ̀ tàbí á fi orúnkún gbá a lórí. Kí wọ́n kọ́ ọ lọ́wọ́ òsì bákan náà, kódà kó pọ̀ ju ọ̀tún lọ.

Kí wọ́n tún máa ṣe ohun tí àwọn tó ti yúníọ̀n wá kì í mọ̀: bí wọ́n ṣe ń dìde. Nínú líìgì, ẹni tí wọ́n gbé lulẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde dúró, kó fi bọ́ọ̀lù lélẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ yí i sẹ́yìn fún hooker, ẹni tó sábà máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti gbé e. Ẹgbẹ́ kejì á fẹ́ dojú rẹ̀ sókè kó lè pẹ́ nílẹ̀. Nítorí náà, bó ṣe ń ṣubú ló gbọ́dọ̀ ti máa yí ara rẹ̀ kó lè bọ́ sórí orúnkún àti ìgúnpá. Bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ àyà, ó di í mú. Tí wọ́n bá ti fi í sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan wọlé, ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bọ́ọ̀lù lé ilẹ̀ ní gígùn láàárín ẹsẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ kàn án, ó yí i. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ló yẹ kí gbogbo ẹ̀ gbà. Bó bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, bọ́ọ̀lù á bọ́, rẹ́fírì á fọn ọ́n. Kó ṣe ogún lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá wá pápá, nígbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ fún agbára: jíìmù bó bá wà, bí kò bá sí, kí wọ́n gbé ara wọn sórí ọ̀pá góòlù, kí wọ́n máa gbé àpò jókòó-dìde, kí wọ́n ṣe èyí tí Fisio kọ nípa iṣan itan. Sátidé fún Èkó nígbà tó bá ti ṣeé ṣe, Àìkú fún ìsinmi.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kó fi fóònù ya sẹ́ẹ̀tì mẹ́fà tó ṣe léraléra, láìgé, láìfi orin sí i. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ mú lọ bá kóòṣì ní Èkó. Kò sí kóòṣì líìgì tó fẹ́ rí bó ṣe sá kọjá èèyàn kan. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni bó ṣe padà sẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Ẹ sì fi téèpù wọn mítà 10 yẹn o. Àwọn ọmọ máa ń ka ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ìyẹn kì í ju mítà méje tàbí mẹ́jọ lọ. Mítà méjì tó ṣẹ́kù yẹn ni wọ́n á máa wá kiri lọ́jọ́ tí rẹ́fírì bá wà lórí pápá.